Ọwọ́ Ló Ń Wò Kó Tó Gbé Ìbọn

Òǹtajà ìbọn tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í sáré gbé ìbọn jáde fún oníbàárà. Ìbọn lè kún inú àpótí dígí tó wà níwájú rẹ̀ fọ́fọ́, kó má fọwọ́ kan ẹyọ kan fún ìgbà pípẹ́. Yóò kọ́kọ́ bọ oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìkíni lásán ni, àṣé òǹtajà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti mọ bí ìka ṣe gùn tó, ó ti mọ bí agbára àtẹ́lẹwọ́ ṣe tó, ó ti rí i bóyá oríkèé àtàǹpàkò wú. Ó ti kíyè sí ọwọ́ tí oníbàárà fi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Kí oníbàárà tó dárúkọ ìbọn tí ẹnìkan ní kó wá rà, òǹtajà ti yọ ìdajì ohun tó wà nínú dígí kúrò lọ́kàn.

Ọ̀kan nínú irú àwọn òǹtajà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lápá ibi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé oúnjẹ wa àti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Òyìnbó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń lọ síbẹ̀ ti sọ ọ́ ní Bàbá Oníbọn, òun náà sì ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ ṣàjèjì sí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Nílé, a mọ àwọn tó ń gbé ìbọn: ọdẹ ní ṣakabùlà rẹ̀, ọlọ́pàá àti sójà ní tiwọn, adigunjalè náà sì ní tirẹ̀. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Èèyàn lè dàgbà dé ọgọ́ta ọdún ní Iléṣà tàbí Abẹ́òkúta kó má tíì fọwọ́ kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ Dick Heller, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Washington, níbi tí wọ́n ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ láti 1976. Ilé ẹjọ́ ní ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti fi ìbọn ìléwọ́ ṣọ́ ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà nílẹ̀, ìmọ̀ kò sí, ìmọ̀ràn sì pọ̀ bí nǹkan míì. Ibi òde ìgbéyàwó ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ti ń gba ìmọ̀ràn ìbọn, lẹ́nu ọkùnrin tó gbé ìgò bíà dání. Ìmọ̀ràn náà kì í yí padà: ẹ ra èyí tó tóbi.

Irú ìmọ̀ràn yẹn ni Àǹtí kan tí mo mọ̀ gbà. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Olè fọ́ fèrèsé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kó lọ ra .45, ìbọn ọlọ́ta ńlá, pé ìyẹn ni olè ń bẹ̀rù. Àǹtí ní kí n sin òun lọ.

Bàbá Oníbọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tẹjú mọ́ ìka rẹ̀ díẹ̀. Kò bèèrè iye tó fẹ́ ná. Ó bèèrè ẹni tó ń bá a gbélé. Ó bèèrè bóyá àwọn ọmọ-ọmọ máa ń wá sùn, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, yàrá wo ni wọ́n ń sùn sí. Ó bèèrè bóyá ó máa ń lo oògùn oorun, bóyá ó ń ríran láìsí awò, ibi tó ń kó awò náà sí tó bá fẹ́ sùn. Ó bèèrè bóyá ó wù ú láti ní ìbọn, àbí àwọn èèyàn ló ń tì í.

Àǹtí yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Ṣé bàbá yìí fẹ́ tajà ni àbí ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí. Bó ṣe ń tajà nìyẹn."

Ohun tó ń ṣe, yíyọ ni. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń yọ ìbọn kan kúrò. Oníbàárà rò pé òun wá yan ìbọn, bàbá mọ̀ pé èyí tí kò yẹ ni òun ń kọ́kọ́ kó kúrò nílẹ̀, pé tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó lè jẹ́ pé ìbọn kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́ kù, ó sì lè jẹ́ pé kò ní sí ẹyọ kan.

Nígbà tó wá gbé ìbọn jáde, mo ní kí Àǹtí fi ojú sí ọwọ́ bàbá. Gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìbọn kò kọjú sí ẹnikẹ́ni láti inú dígí títí dé orí káńtà: ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n kó àpò iyanrìn sí ni ẹnu rẹ̀ ń wò. Ìka ìfábẹ̀lá bàbá nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, kò sí nítòsí tírígà. Ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, mágásìnì tó ń gba ọta já sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin òkè sẹ́yìn kó tó yọ mágásìnì, ọta tó wà nínú ihò á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí irin òkè ṣe ń padà síwájú ni yóò tún ti òmíràn wọlé láti inú mágásìnì. Onítọ̀hún á rí ọta tó bọ́ sílẹ̀, á rò pé ìbọn ti ṣófo. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn. Lẹ́yìn mágásìnì ni bàbá wá fa irin òkè sẹ́yìn, ó há a síbẹ̀, ó wo inú ihò ọta, ó tún ki orí ìka kékeré rẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí pé ojú àgbà lè tan àgbà. Ó wá gbé ìbọn náà fún Àǹtí pẹ̀lú ihò rẹ̀ ní ṣíṣí, èèkù níwájú.

Àǹtí dá a padà fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bàbá tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbọn kò kúrò níwájú rẹ̀ o. Ó tún ki ìka bọ ihò náà. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, bàbá kò rẹ́rìn-ín. Jeff Cooper, ọ̀gá ológun tẹ́lẹ̀ tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn Gunsite sílẹ̀ ní Arizona ní 1976, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní òfin mẹ́rin, èyí àkọ́kọ́ sì ni pé gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú nígbà gbogbo. Púpọ̀ nínú àwọn oníbọn Amẹ́ríkà ló lè ka òfin náà sókè. Ti bàbá yìí ti kúrò lẹ́nu, ó ti wọ inú ọwọ́.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ èèkù dé. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe ni lẹ́nu tiwa, iṣẹ́ òòjọ́ ni lọ́wọ́ Bàbá Oníbọn. Bí télọ̀ ṣe ń fi téèpù wọn èjìká ni ó ṣe ń fi ìbọn wọn ọwọ́, tó ń fi ojú sí ibi tó fún àti ibi tó sọ. Àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbọ́dọ̀ gòkè dé ìparí èèkù, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, nítorí pé bí ọwọ́ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ẹnu ìbọn yóò ṣe fò sókè tó nígbà tí ó bá dún. Ọ̀pá ìbọn àti egungun apá gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan. Bàbá dúró sẹ́yìn Àǹtí, ó fi ojú kan wo ìlà náà láti orí ìgbọ̀nwọ́ lọ dé ẹnu ìbọn, ó mi orí. Ìlà ti wọ́.

Ìka Àǹtí ló kúrú sí ìbọn yẹn. Kí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ tó lè kan tírígà dáadáa, ó ní láti yí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ yípo èèkù, tí ẹ̀yìn ìbọn wá fi bọ́ kúrò láàárín àtẹ́lẹwọ́, tó lọ sinmi lórí egungun àtàǹpàkò. Bí ìbọn bá dún báyìí, oríkèé tó ti wú tẹ́lẹ̀ ni yóò gba gbogbo ìtapadà rẹ̀. Bí kò bá sì yí ọwọ́, ṣóńṣó ìka nìkan ni yóò dé tírígà, yóò máa ti ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń fà á, ọta á sì yà kúrò ní ibi tó fojú sùn. Ibi rírọ̀ tó wà láàárín èékánná àti oríkèé àkọ́kọ́ ló yẹ kó jókòó sórí tírígà. Ìwọ̀n bí ọkà ìrẹsì mélòó kan ló máa ń yà á sọ́tọ̀, ojú bàbá sì ń rí i láti òdìkejì káńtà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Walther ti Jámánì ṣe ìbọn kan ní 1997 tí èèyàn lè pààrọ̀ ẹ̀yìn èèkù rẹ̀, kékeré, àárín tàbí ńlá. Glock ṣe irú ẹ̀ ní 2010. Ọ̀pọ̀ ló ń ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í yọ ẹ̀yìn èèkù yòókù kúrò nínú páálí.

Kò tíì sọ fún un pé èyí dára tàbí kò dára. Ó ní kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, kó gba ibẹ̀ wo aago ara ògiri, kó wá máa fa ọwọ́ náà bọ̀ wá síwájú ojú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí lọ bá ojú òsì. Ojú òsì ló jẹ́ ọ̀gá lára rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń jẹun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá ní kò burú, kí ó kàn máa tẹ orí sí ọ̀tún díẹ̀ tó bá fẹ́ fojú sùn.

Ìgbà tí wọ́n dé orí kíkọ́ọ̀kì ni wàhálà dé. Kí ìbọn irú èyí tó lè yìn, ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ fa irin òkè sẹ́yìn kó jù ú sílẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ sì le. Àǹtí fi ìka méjì mú un. Kò mira. Ó fi mẹ́ta. Irin náà kò dá a lóhùn.

Níbí ni òǹtajà tí kò mọ iṣẹ́ ti máa ń gbé rífọ́fà jáde, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń yí nínú àgbá kékeré, tí kò nílò kíkọ́ọ̀kì. Kódà wọ́n ní irú kan tí wọ́n máa ń tà fún àwọn obìnrin: èyí tó kéré jù lọ, tó fúyẹ́ jù lọ. Smith & Wesson ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1950, ọta márùn-ún péré ló ń gbà. Nínú àwọn tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù ṣe báyìí, a rí èyí tí kò wúwo ju bíi gíráàmù 400 lọ. Àwọn ọkọ ló máa ń ra irú rẹ̀ fún ìyàwó wọn. Bàbá Oníbọn kì í bá wọn jiyàn lójú ìyàwó, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tí mo ti tọ́jú: ìbọn kékeré kì í ṣe ìbọn ẹni kékeré. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta ọwọ́ sẹ́yìn tó, nítorí pé ọta kò mọ̀ pé ìbọn ti fúyẹ́, agbára kan náà ló bá jáde. Rífọ́fà tó wúwo tó kílò kan àti díẹ̀, bíi GP100 ti Ruger, ń gbé agbára yẹn mì fúnra rẹ̀. Kékeré ń gbé e fún ọwọ́. Irin ìfojúsùn rẹ̀ tún rí tín-ín-rín, àwọn tó mọ ìbọn dáadáa ló lè lò ó bó ṣe yẹ. Tírígà rẹ̀ sì nìyẹn: ó máa ń gbà tó kílò 5 kó tó fà, ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ yìn ín, nígbà tí ti Glock kò ju bíi kílò 2 àbọ̀ lọ. Bàbá gbé rífọ́fà kékeré náà fún Àǹtí, ó ní kí ó fa tírígà rẹ̀ nígbà márùn-ún láìsí ọta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ìbọn ti ń gbọ̀n. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Àǹtí fi ọwọ́ kejì ti ìka náà.

Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó gba ìbọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà sínú dígí. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Òǹtajà míì á ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Ó wá padà sí èyí tó kọ̀ láti mira. Ó ní agbára ọwọ́ Àǹtí kò kéré bó ṣe rò, ọ̀nà tó gbà mú un ni kò dáa. Ó ní kí ó mú ìbọn náà súnmọ́ àyà, ẹnu rẹ̀ sí ògiri iyanrìn, kí ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì bo irin òkè, ìka mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ ní èkejì. Kó má fa irin sẹ́yìn rárá. Kí ọwọ́ òsì dúró gírí, kí ọwọ́ ọ̀tún ti ìbọn lọ síwájú, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Irin náà lọ, ó dún gbà! Àǹtí ké "Yéè!", gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú sí wa. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ń gbádùn rẹ̀.

Èmi rò pé ọjà ti parí. Bàbá kò gbà. Ó ní ohun tí ọwọ́ ṣe nínú iná mànàmáná ṣọ́ọ̀bù, tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ohun tí yóò ṣe ní aago méjì òru tí àyà ń já, tí òógùn sì ti bo àtẹ́lẹwọ́. Ó yẹ kí agbára ṣẹ́ kù. Ó wá mú ọ̀kan jáde tí Smith & Wesson ṣe ní 2018 fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, tí wọ́n pè ní Shield EZ: ó ń gba ọta .380, èyí tí kò le tó ọta 9mm, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀. Ọta mẹ́jọ ni mágásìnì rẹ̀ ń gbà, bọ́tìnnì kan wà lára mágásìnì náà tí èèyàn ń fà sílẹ̀ kí ọta tó wọlé, kó má baà fi èékánná jìjàkadì. Àǹtí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Ìlà apá rẹ̀ tọ́. Bàbá fi owó ẹyọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, sẹ́ǹtì mẹ́wàá, lé orí irin ìfojúsùn iwájú, ó ní kó fa tírígà. Owó náà kò já bọ́.

".45 ńkọ́?" Àǹtí bèèrè. Ọ̀rọ̀ arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

Bàbá gbé ìbọn .45 kan tí wọ́n ń pè ní 1911 jáde fún un kó fojú rí i. Mo rí i pé ó fi aṣọ nù ún kó tó gbé e lé káńtà, ohun tí kò ṣe fún àwọn yòókù. John Moses Browning ló ṣe é, ọmọ bíbí Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n bí ní 1855. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe ìbọn mìíràn ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni ikú bá a sí ní 1926. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú dígí yẹn, òun nìkan ni mo lè wò fún ìgbà pípẹ́ nítorí ẹwà. Glock kò lẹ́wà ní tèmi. Gaston Glock ti Ọ́sítríà kò ṣe ìbọn rí kó tó ṣe tirẹ̀, ọ̀pá kọ́tìnnì àti ọ̀bẹ sójà wà lára ohun tó ti ń ṣe, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ìlú rẹ̀ gba ìbọn náà ní 1982, ara ọ̀rá tó fi ṣe é sì ti di ohun tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣẹ́. Bàbá Oníbọn mọ ìtàn méjèèjì dáadáa. Kò sọ ìkankan nínú rẹ̀ fún Àǹtí. Ó kàn ní kí ó mú 1911 dání, kí ó na apá. Nígbà tí apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ọta ńlá ló ń dá olè dúró, ìtàn kan wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kọlu adigunjalè méjì ní Miami. Wọ́n yìnbọn fún àwọn adigunjalè náà léraléra, síbẹ̀ wọn kò tètè ṣubú, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. FBI dá ọta 9mm lẹ́bi. Wọ́n lọ sórí ọta tó tóbi jù ú lọ, ọta .40 dé ní 1990. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n padà sórí 9mm: àwọn tó ń ṣe ọta ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tí orí rẹ̀ ń ṣí bí òdòdó tó bá wọ ara, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi kékeré bá ibi tí wọ́n fojú sùn ju bí wọ́n ṣe ń fi ńlá bá a lọ. Bàbá gé gbogbo ìtàn yìí kúrú fún Àǹtí: èyí tó bá ibi tí ẹ fojú sùn ló tóbi.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti yà mí lẹ́nu jù ni ibi tí kò ti sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ó mú ìwé rìsíìtì kan, ó yí i padà, ó ní kí Àǹtí ya ilé rẹ̀ sí i. Àǹtí ya pálọ̀, kíṣìnnì, ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá mẹ́ta. Bàbá ní kó fi àmì sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, kó sì fi òmíràn sí ẹnu ilẹ̀kùn tí olè yóò gbà wọlé bá a. Ó fi rúlà fa ìlà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kò dúró. Ó fa ìlà náà kọjá ilẹ̀kùn, kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọjá ògiri tó tẹ̀ lé e, ó dúró sínú yàrá kejì.

"Kí ló wà níbí?"

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwa tí wọ́n bí sínú ilé búlọ́ọ̀kù kì í ronú débẹ̀. Ògiri tiwa ń dá ọta dúró. Ilé Amẹ́ríkà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tò ó, páálí ẹfun funfun tí kò nípọn ju ìdajì ínǹṣì lọ ni wọ́n sì fi bo tọ̀tún tòsì rẹ̀. Kò sí ọta ìbọn ìléwọ́ kan tó yẹ fún ìdáàbòbò ilé tí kò lè la irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá, ó sì lè la méjì mẹ́ta. Èyí tí orí rẹ̀ ń ṣí náà ń là á. Nítorí náà bàbá kò wá ọta tí kò ní la ògiri, bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé kiri lórí ìwé. Ó gbé ti Àǹtí lọ sí igun kejì yàrá, ó tún fa ìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà náà gba ilẹ̀kùn, ó lọ kú sára ògiri bíríkì ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Ó ní kí ó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ síbẹ̀ lónìí, yálà ó ra ìbọn tàbí kò rà. Ó tún ní kí ó ra tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an, kí tọ́ọ̀ṣì náà súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ju ìbọn lọ, kí ẹnu rẹ̀ sì kọ́kọ́ ké "Ta nìyẹn?" nítorí pé ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ẹni tó wá mu omi.

Bàbá kan náà máa ń dá ènìyàn padà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, tó tọ́ka sí ìbọn kan, tó ní páálí ọta tó kéré jù lòun fẹ́. Kò bèèrè bí wọ́n ṣe ń nù ún. Kò gbé e wò. Bàbá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó bi í nípa ìyá rẹ̀, ó bu kọfí fún un. Kò ta ìbọn fún un. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, a kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Kì í ṣe bàbá nìkan ló ń kíyè sí irú nǹkan báyìí. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní 2009, ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kan náà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí oníkálukú wọn rà á ló fi pa ara rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìbọn àti àwọn elétò ìlera pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ àwọn àmì tí òǹtajà yẹ kó máa wò sílẹ̀: ìkánjú, àìbìkítà irú ìbọn, àìbéèrè ìtọ́jú rẹ̀. Ní 2021, ìbọn pa ènìyàn 48,830 ní Amẹ́ríkà, 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ẹni tó ń ta ìbọn mọ̀ pé ewu tó wà nínú ilé oníbàárà ju ti olè lọ. Èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn ń fi ìyẹn kún ohun tó ń wọ̀n.

Ìdí nìyẹn tó fi bèèrè ọ̀rọ̀ oògùn oorun lọ́wọ́ Àǹtí níbẹ̀rẹ̀. Àǹtí kì í lò ó.

Wọ́n kọ ìwé ìjọba, fọ́ọ̀mù 4473. Bàbá ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè, èyí tó sì dúró lé lórí jù ni èyí tó ń bèèrè bóyá ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an ló ni ọjà tàbí ẹlòmíràn ló rán an. Ó fi orúkọ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí ìjọba àpapọ̀ ti ń lò láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1998. Bí a ṣe ń retí èsì ló gbé àpótí irin kékeré kan wá, oní-nọ́ńbà, tí èèyàn lè fi ìka ṣí nínú òkùnkùn láìwò ó. Ó ní Àǹtí kò ní gbé ìbọn jáde láìsí i. Òfin Texas kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ọ̀nà dé ìdí ìbọn tó ní ọta nínú, nítorí pé onílé kò tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí ó ti ojú pa, kí ó ṣí i. Àǹtí ṣe é, ó ṣe é dáadáa. Ìka nọ́ọ̀sì ni.

Ibi tí Yorùbá ti yọ lára Àǹtí mi nìyí. Ó ní àpótí náà ti wọ́n jù. Ó ní kí bàbá dín in. Mo rọra fẹsẹ̀ kàn án, mo ní, "Àǹtí, wọn kì í nájà níbí." Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí bàbá dín ti ìbọn kù, kó dín ti àpótí kù, pé òun ti fi gbogbo ọ̀sán òun jókòó tì í. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní owó ìbọn kò lè dín, kódà sẹ́ǹtì kan. Ti àpótí, ó fa ìwé owó tó lẹ̀ mọ́ ọn ya, ó ní kí ó mú iye tó bá fẹ́ san wá, bí ó bá ṣáà ti ṣe ìlérí pé yóò wá sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ Sátidé, kí òun lè wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ń dún.

Àǹtí ní òun ń lọ sí òde Sátidé. Wọ́n fi í sí Túsìdé.